Òǹtẹ̀ Lára Aṣọ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ wò." Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé aṣọ jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí a tó gbà á. Iṣu tí ó ti jẹrà, bí a bá ti gé e ni a ó rí i. Epo tí a bu omi lù, bí a bá gbé e kaná, yóò pariwo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ lè dùn-ún wò ní ọjọ́ tí a rà á, kí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta ni àṣírí rẹ̀ yóò tú. Nítorí ìdí èyí ni àwọn ìjọba kan láyé àtijọ́ ṣe yan àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ aṣọ wò kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò rà á. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo bí iṣẹ́ náà ti rí ní ilẹ̀ òyìnbó, a ó sì fi í wé ohun tí ojú rí ní ilẹ̀ Òkun tiwa yìí àti ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kà á lọ, ẹ fi ìbéèrè kan sọ́kàn: ta ni ó yẹ kí ó jẹ́rìí pé aṣọ dára?

Ìtàn kan láti inú ilé wa ni n ó fi ṣí i. Ahunṣọ ni ìyá tí ó bí ìyá mi, ní ìletò kan ní ilẹ̀ Búnú, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Kàbà. Òfì rẹ̀ dúró gbọọrọ mọ́ ògiri, ìdí rẹ̀ ni ó sì máa ń jókòó sí láti ìgbà tí oòrùn bá ti gbóná díẹ̀ títí di àṣálẹ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, obìnrin oníṣòwò kan tí ó máa ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà fún àwọn ará Ebira gbé aṣọ kan padà wá. Ó kí ìyá àgbà tán, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ má bínú, ìyá. Àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àwọn tí mo gbé e fún kò gbà á."

Ìyá àgbà kò jà, kò sì ráhùn. Ó gbé aṣọ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ ọjà ni ó ti lé e nígbà tí ó ń hun ún. Apasà kò sì wọlé dáadáa ní àárín. Ó wọ inú yàrá lọ, ó tú owó jáde nínú aṣọ ìbora rẹ̀, ó sì dá a padà fún oníṣòwò náà láìku kọ́bọ̀ kan. Owó náà ni ó ti fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àbúrò ìyá mi. Ọmọkùnrin náà jókòó sílé fún sáà kan gbáko. Àwa ọmọdé ni a sì bá ìyá àgbà tú aṣọ náà, tí a ń ká òwú rẹ̀ jọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo bi í léèrè pé, "Ìyá, kí ni ó dé tí ẹ kò fi tà á fún ẹlòmíràn tí kò ní mọ̀?" Ó dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, aṣọ yìí mọ orúkọ mi. Ibikíbi tí ó bá dé, yóò pè é." Èmi kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di òní, òun ni ó sì mú kí n fẹ́ mọ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń yẹ aṣọ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn ọ̀nà tí aṣọ fi lè tan ènìyàn jẹ. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ìwọ̀n: aṣọ lè kúrú tàbí kí ìbú rẹ̀ dín sí iye tí a ní ó jẹ́. Èkejì ni híhun: ahunṣọ lè fi òwú tí ó dára sí etí aṣọ, níbi tí olùrà yóò fọwọ́ kàn, kí ó sì fi òwú gbẹ̀rẹ̀fu sí àárín. Ẹ̀kẹta ni aró: àwọ̀ rẹ̀ lè dán gbinrin lónìí, kí ó sì ṣí ní ọ̀la. Ẹ̀kẹrin ni nínà, èyí sì wọ́pọ̀ lára aṣọ tí a fi irun àgùntàn hun ju ti òwú lọ.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀kan tí ó gbẹ̀yìn yìí. Ní ilẹ̀ òyìnbó tí òtútù gbé ń mú, irun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ jù lọ láyé àtijọ́. Wọn a rẹ́ irun náà, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a yà á, wọn a ran án ní òwú, wọn a sì hun ún. Lẹ́yìn èyí, wọn a ri aṣọ náà sínú omi pẹ̀lú irú amọ̀ kan, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi òòlù igi lù ú, kí àwọn òwú rẹ̀ lè fara mọ́ra, kí ó sì ki. Bí ó ti ń ki, bẹ́ẹ̀ ni ó ń súnkì. Nítorí náà, wọn a fi ìkọ́ nà án lórí igi títí yóò fi gbẹ. Ibi nínà yìí ni ẹ̀tàn ti máa ń wọlé. Ẹni tí ó bá nà án rékọjá ààlà yóò rí aṣọ gígùn tà, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa ẹni tí ó rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aṣọ náà yóò súnkì padà sí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, olówó rẹ̀ yóò sì máa wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹtàlá, òwò irun àgùntàn àti aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òwò tí ó tóbi jù lọ ní Yúróòpù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àgùntàn púpọ̀. Àwọn ìlú Flanders, ní ibi tí a mọ̀ sí Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, sì ní àwọn ahunṣọ tí ó mọṣẹ́. Ní ìlú Ypres, wọ́n kọ́ gbọ̀ngán ńlá kan fún òwò aṣọ nìkan, èyí tí wọ́n parí ní 1304. Ogun àgbáyé kìíní, 1914 sí 1918, wó o lulẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé aṣọ kì í ṣe ohun kékeré lójú àwọn ará ìlú náà. Bí aṣọ wọn bá bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á lókè òkun, gbogbo ìlú ni yóò pàdánù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba fúnra rẹ̀ ni ó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní nǹkan bí 1196, nígbà ayé Ọba Richard Kìíní, òfin jáde pé níbikíbi tí a bá ti hun aṣọ irun àgùntàn, ìbú kan náà ni kí ó ní, èyíinì ni ell méjì láàrin etí rẹ̀ méjèèjì, àti pé bí etí rẹ̀ bá ti dára tó ni kí àárín rẹ̀ dára tó. Ẹ kò ha rí i pé ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò sọ fún ìyá mi àgbà ni òfin ọba Gẹ̀ẹ́sì sọ yìí? Òfin kan náà fi lélẹ̀ pé kí a yan ọkùnrin mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí ó jẹ́ olóòótọ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan láti máa mójú tó ìwọ̀n. Ó sì ka ohun kan léèwọ̀ tí yóò pa àwọn tí ó mọ ọjà wa lẹ́rìn-ín: kò gbọdọ̀ sí oníṣòwò tí yóò ta aṣọ pupa tàbí aṣọ dúdú síwájú ìsọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé máa ń tan ojú olùrà jẹ, tí kì í fi í mọ aṣọ rere yàtọ̀ sí búburú.

Òfin yìí dára lójú, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Òfì àwọn ahunṣọ kan kò gba ìbú tí ọba fẹ́. Àwọn oníbàárà kan pẹ̀lú kò fẹ́ aṣọ tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ní 1202, nígbà ayé Ọba John, àwọn ìlú kan, Lincoln sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, san owó fún ọba kí ó lè jẹ́ kí wọ́n máa ta aṣọ wọn bí wọ́n ti ń tà á tẹ́lẹ̀. Ọba gba owó náà. Níbẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti kọ́kọ́ yọjú, nítorí òfin tí a lè fi owó rà kúrò lọ́rùn ti di ọjà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ìjòyè fi ipá mú ọba kan náà fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Ńlá tí a ń pè ní Magna Carta ní 1215, wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ ìbú aṣọ sínú rẹ̀: ell méjì láàrin etí méjèèjì.

Òṣìṣẹ́ ọba tí ó wá ń ṣe iṣẹ́ ìyẹ̀wò yìí ni wọ́n ń pè ní aulnager. Orúkọ náà wá láti ara ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, ọ̀pá náà sì gba orúkọ rẹ̀ láti ara apá ènìyàn, láti ìgbọ̀nwọ́ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nínú ọjà, tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọn aṣọ, ni òyìnbó pàápàá fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ell ti Gẹ̀ẹ́sì di ínṣì 45 géérégé, kí apá ẹni gíga àti ti ẹni kúkurú má bàa fa ìjà. Bí àwọn àgbà wa ti ń pe òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní wolé-wolé, a lè pe òṣìṣẹ́ yìí ní waṣọ-waṣọ. Yóò wọn gígùn aṣọ àti ìbú rẹ̀, yóò wo híhun rẹ̀, bí ó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fi òǹtẹ̀ òjé tẹ etí rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà ni ẹ̀rí. Ẹni tí ó wà ní ìlú òkèèrè, tí kò mọ ahunṣọ rí, tí kò sì lè bá a wíjọ́, yóò wo òǹtẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Ní 1353, ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ohun kan tí ó yí iṣẹ́ náà padà. Wọ́n pàṣẹ pé kí a san owó orí lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ tà: pẹ́nì mẹ́rin lórí aṣọ lásán, kí ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí aṣọ tí a rẹ ní aró pupa olówó iyebíye. Waṣọ-waṣọ ni yóò gba owó náà, òun ni yóò sì tẹ òǹtẹ̀. Aṣọ tí a bá gbé síta láìní òǹtẹ̀, ọba ni yóò gbà á. Láti ọjọ́ náà ni òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ó ń wí pé, "Aṣọ yìí dára," ó sì tún ń wí pé, "A ti san owó lórí aṣọ yìí." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí i: ọ̀rọ̀ méjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ aṣọ burúkú, kò ní rí owó gbà lórí rẹ̀. Bí ó bá gbà á, owó yóò wọlé. Ẹni tí a bá fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní pẹ́ ṣú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣẹ́ náà fún ẹni tí ó bá lè san àsanlé kan fún un lọ́dún, kí onítọ̀hún sì máa gba owó òǹtẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó di pé a ń ta òǹtẹ̀ fún àwọn aláṣọ kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ fúnra wọn, láìsí ẹni tí ó wọn ohunkóhun. Àwọn ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ náà kọ orúkọ àwọn aláṣọ àti iye aṣọ wọn sí ṣì wà nípamọ́ títí di òní. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn òpìtàn fi gbẹ́kẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n ní 1929, obìnrin òpìtàn kan, E. M. Carus-Wilson, yẹ àwọn ìwé náà wò fínnífínní, ó sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ayédèrú. Àwọn akọ̀wé kàn ń da orúkọ àti iye ọdún tí ó kọjá kọ ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti dé: àwọn tí a yàn láti mú ẹlẹ́tàn ni wọ́n di ẹlẹ́tàn. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ waṣọ-waṣọ ti di ìtàn, kò sì sí ẹni tí ó sunkún rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbi gbogbo. Ní ìlú Amsterdam, ní ilẹ̀ Holland, àwọn tí ó mọ̀ nípa aṣọ ni wọ́n ń yàn fún ọdún kan kí wọ́n máa fi aṣọ tí ó jáde wé àpẹẹrẹ tí a ti gbà pé ó dára. Ní 1662, Rembrandt, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn, ya àwòrán àwọn olùyẹ̀wò márùn-ún pẹ̀lú ìránṣẹ́ wọn. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì níwájú wọn, gbogbo wọn sì gbójú sókè bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbé aṣọ wá. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà yóò rí i pé ojú ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ni ojú wọn. Bí aṣọ bá kọjá lọ́wọ́ irú wọn, ó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹni tí ó ṣe é. Ọdún kan péré sì ni agbára náà fi wà lọ́wọ́ wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni irun àgùntàn òyìnbó kàn wá ní ilẹ̀ Òkun? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Láti ìgbà tí àwọn Pọtogí ti dé Benin ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń kó aṣọ irun àgùntàn pupa wá sí etíkun wa. Àwọn ìjòyè Benin fi í ṣe aṣọ oyè. Àwọn ahunṣọ ní ibi púpọ̀ sì ń tú òwú pupa rẹ̀ kí wọ́n lè fi í hun aṣọ tiwọn, nítorí pé àwọ̀ pupa tí kì í ṣí ṣòro láti rí. Ní Búnú, aṣọ tí ó níyì jù lọ ni aṣọ pupa tí a ń pè ní aṣọ ìpó. Àwọn obìnrin ni ó ń hun ún. Kì í ṣe aṣọ tí ẹnikẹ́ni kàn ń rọ̀ mọ́ra lọ sí oko. Ìgbà òkú ọba, ìjòyè àti ọlọ́lá ni ó ń jáde, a sì ń fi í ṣe aṣọ egúngún. Àwọn ará Ebira pẹ̀lú a máa rà á. Nígbà ìjọba òyìnbó, ara bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ilé ìwòsàn ni àwọn ìyá wa ti ń tú òwú rẹ̀. Elisha Renne, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, bá àwọn ahunṣọ Búnú gbé láti kọ́ nípa iṣẹ́ wọn, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1995. Lónìí, àwọn tí ó ń hun ún ti kù díẹ̀ gan-an.

Nísisìyí, ta ni waṣọ-waṣọ ní Búnú? Kò sí òǹtẹ̀ òjé, kò sì sí òṣìṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ní ilé wa, mo rí ìyẹ̀wò mẹ́ta pẹ̀lú ojú ara mi. Ìkíní, ìyá tí ó kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ na aṣọ sí ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá mi orí, ọmọ yóò tú u. Èkejì, oníṣòwò ni yóò fi àtàǹpàkò tí ó ti fi omi tẹ̀ ra á láti mọ bóyá àwọ̀ yóò bá ọwọ́ lọ, yóò sì fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta, ẹni tí aṣọ bá dé ọwọ́ rẹ̀ níkẹyìn ni yóò tẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ òkú, níbi tí ojú igba ti ń wò ó. Aṣọ tí kò dára ní ọjọ́ náà kò ba ojú olówó rẹ̀ nìkan jẹ́. Wọn yóò béèrè ẹni tí ó hun ún. Ohun tí ìyá mi àgbà fẹ́ sọ nìyẹn nígbà tí ó wí pé aṣọ mọ orúkọ òun.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà tiwa kò ní àbùkù. Orúkọ ahunṣọ lè dé Ebira, ṣùgbọ́n kò lè dé Senegal. Bí ọjà bá ti gbòòrò, tí ẹni tí ó rà kò mọ ẹni tí ó ṣe é mọ́, orúkọ nìkan kò tó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi èyí hàn gbangba.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti sọ àdìrẹ di òwò ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn oníṣòwò ń ti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, àti láti Senegal wá rà á. Ẹlú ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ látilẹ̀wá, pẹ̀lú omi eérú tí ó ń gba ọjọ́ púpọ̀ láti sẹ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó wọ ọjà. Iṣẹ́ yá, owó tí ń wọlé iṣẹ́ náà dín kù, àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ dójú àmì pẹ̀lú sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ yóò jẹ́ kí sódà jẹ aṣọ, tàbí kí àwọ̀ má dúró. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Nígbà tí ọ̀wọ́n owó tí ó bo gbogbo ayé láti 1929 sì dé, òwò náà dẹnu kọlẹ̀.

Aláké Ladapo Ademola Kejì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ rò pé bí a bá dá àwọn aláró padà sí ẹlú àti omi eérú, orúkọ àdìrẹ yóò padà bọ̀ sípò. Wọ́n fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Inú àwọn aláró kò dùn. Lójú tiwọn, òfin náà fi gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí, ó sì fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn ní àsìkò tí owó wọ́n. Ní 1936, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ta ko òfin náà, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba òyìnbó gbọ́dọ̀ yan ìgbìmọ̀ láti wádìí. Nígbẹ̀yìn, òfin náà kò dúró. Títí di òní ni àwọn aláró ń lo sódà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò sì ń ṣe aṣọ tí ó dára.

Ta ni ó jàre nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kí a má ṣe yára dájọ́. Ìráhùn àwọn oníbàárà kì í ṣe irọ́, ojúṣe ọba sì ni láti dáàbò bo orúkọ ìlú. Síbẹ̀, ohun èlò ni òfin náà dè, kò wo aṣọ. Ó dọ́gba fún ẹni tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ àti ẹni tí ó ń ṣe é dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbà aláró ni a fi sí ipò olùyẹ̀wò, bóyá aṣọ burúkú nìkan ni ìbá padà sílé, tí ẹnikẹ́ni kì bá sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ìtàn yìí. Èkíní, ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wò gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Èkejì, kò yẹ kí oúnjẹ olùyẹ̀wò ti ara gbígbà tí ó ń gba iṣẹ́ wọlé wá; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹtẹ̀ yóò di ohun títà. Ẹ̀kẹta, ẹni tí a ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò gbọ́dọ̀ ní ẹnu nínú òfin tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Orílẹ̀-èdè wa náà ní àjọ tí ń mójú tó ojúlówó ọjà, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971. A sì ń rí àmì oríṣìíríṣìí lára ọjà lónìí, láti orí wáyà iná títí dé orí ike omi. Bí ẹ bá rí àmì bẹ́ẹ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó fọ́ yín lójú. Ẹ na aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀.

Ní ti àbúrò ìyá mi tí ó jókòó sílé fún sáà kan, ó padà sí ilé-ìwé. Aṣọ tí ìyá àgbà tún hun ni ó san owó náà. Oníṣòwò tí ó dá aṣọ àkọ́kọ́ padà ni ó wá gbà á. Ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ká a, ó sì gbé e lé orí. Kò sí òǹtẹ̀ kankan lára aṣọ náà.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan
Apasà: igi pẹlẹbẹ tí ahunṣọ fi ń ti òwú wọlé kí aṣọ lè ki.
Gbẹ̀rẹ̀fu: tí kò ki, tí kò sì lágbára.
Òjé: irin rírọ̀ tí ó wúwo, tí ó tètè ń yọ́ lórí iná.
Àsanlé: iye owó kan pàtó tí a gbà láti máa san lọ́dọọdún.
Ayédèrú: ohun tí a ṣe láti fi tan ni jẹ.

Ìbéèrè
1. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí aṣọ fi lè tan ẹni tí ó rà á jẹ.
2. Kí ni ìdí tí òfin nǹkan bí 1196 fi ka títa aṣọ pupa síwájú ìsọ̀ léèwọ̀?
3. Ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì tí òǹtẹ̀ ń sọ lẹ́yìn 1353, kí o sì sọ ìpalára tí ó ṣe.
4. Kí ni ìyá àgbà fẹ́ sọ nígbà tí ó wí pé, "Aṣọ yìí mọ orúkọ mi"?
5. Bí o bá wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta, kí ni ìwọ ìbá sọ? Fi ìdí rẹ̀ hàn.
6. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ, kí o sì sọ bí àwọn ènìyàn ti ń mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.